Kamikatsu: Ìlú Tí Ewé Ti Ń Di Owó, Tí Ọkọ̀ Akólẹ̀ Kì Í Wọ̀

Bí ọ̀rọ̀ ìlú Kamikatsu ní ilẹ̀ Jàpáànù bá dé orí WhatsApp, ọ̀nà méjì ló máa ń gbà dé. Ọ̀kan ni ti ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń já ewé lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tó ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì gba ọjà, tí owó sì ń wọlé fún un. Èkejì ni ti ìlú tí wọ́n ti ń ya pàǹtírí sí ìsọ̀rí tó lé ní 40 kí wọ́n tó dà á nù. Òótọ́ ni ìtàn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ wo ètò ìkànìyàn ìlú náà yóò rí ohun tó máa rú u lójú. Ní ọdún 1955, àwọn tó ń gbé Kamikatsu lé ní 6,000. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2020, wọn ò tó 1,400 mọ́. Ewé ń tà, ìlú mọ́ tónítóní, àlejò ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá wò wọ́n, síbẹ̀ ènìyàn ń tán lọ níbẹ̀. Báwo ni ìyẹn ṣe jẹ́?

Mo ti rí àwọn tó fi ìtàn yìí ṣe ìwúrí lásán, mo sì ti rí àwọn tó ní irọ́ ni. Kò sí èyí tó ṣe ìlú náà dáadáa nínú méjèèjì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí kò lè mọ ohun tí ewé ti ṣe fún wọn, kò sì ní mọ ohun tí agbára ewé kò ká.

Erékùṣù ńlá mẹ́rin ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Jàpáànù. Shikoku ló kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, Tokushima sì ni èyí tó wà lápá ìlà-oòrùn. Bí ènìyàn bá gbéra ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, tí òun náà ń jẹ́ Tokushima, nǹkan bí wákàtí kan ni ọkọ̀ máa rìn kó tó dé Kamikatsu. Odò Katsuura ni títì náà ń bá lọ. Nísàlẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbòòrò, ilé àti oko wà lọ́tùn-ún lósì. Bí a ti ń gòkè sí i ni àwọn òkè ń fún ọ̀nà mọ́ àárín, títí tó fi máa ku odò àti títì nìkan. Àmì ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "apá òkè" ni wọ́n fi kọ "Kami" tó wà nínú orúkọ ìlú náà.

Ilẹ̀ ìlú yìí fẹ̀ tó nǹkan bí 110 kìlómítà onígun mẹ́rin. Bí a bá pín in sí ọgọ́rùn-ún, igbó ló ni nǹkan bí 88 nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fojú inú wo ìlú tí òrùlé kan òrùlé. Abúlé wẹ́wẹ́ bí 55 ló fọ́n ká sí ara òkè, òmíràn létí odò, òmíràn ní nǹkan bí 700 mítà sókè. Ibi tí àwọn baba ńlá wọn bá ti rí àyè díẹ̀, wọ́n gbẹ́ ara òkè náà bí àtẹ̀gùn, wọ́n fi òkúta mọ etí rẹ̀, wọ́n sì gbin ìrẹsì sí i. Irú oko bẹ́ẹ̀ tó wà ní Kashihara, ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, ìjọba àpapọ̀ Jàpáànù kà á mọ́ àwọn ilẹ̀ àṣà pàtàkì wọn ní 2010. Àwòrán rẹ̀ dára lójú o. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: katakata ńlá kò lè dé ibẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ títẹ́jú tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan lè fi jókòó. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ìdílé kan lè fi ọwọ́ ṣe lórí ilẹ̀ dídagẹ̀rẹ̀.

Ṣé ìlú ni àbí abúlé?

Ọ̀pọ̀ máa ń béèrè pé báwo ni ibi tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 1,400 ṣe ń jẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ òfin ni. Ìpínlẹ̀ 47 ló wà ní Jàpáànù, lábẹ́ wọn ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wà, oríṣi mẹ́ta sì ni wọn. Àwọn tó tóbi ni wọ́n ń pè ní shi, òfin sì fẹ́ kí ènìyàn inú wọn tó 50,000 kí wọ́n tó gba orúkọ náà. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni chō, tí ibòmíràn ń pè ní machi. Àwọn tó kéré jù ni mura tàbí son, èyí tí a lè pè ní abúlé. Bí ibì kan bá ti di chō, kì í padà di abúlé nítorí pé ènìyàn dín kù. Chō ni Kamikatsu. Ó ní olórí ìlú tí wọ́n dìbò yàn, ó ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, ó sì ní ètò ìnáwó tirẹ̀. Nínú gbogbo chō tó wà ní Shikoku, òun ni ènìyàn inú rẹ̀ kéré jù.

Abúlé méjì, Fukuhara àti Takahoko, ni wọ́n pa pọ̀ ní oṣù Keje ọdún 1955 láti fi dá a sílẹ̀. Àsìkò yẹn ni ìjọba Jàpáànù ń so àwọn abúlé pọ̀ káàkiri, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní agbára láti gbé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ró. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1999 sí 2010, nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ tó lé ní 3,200 dín kù sí nǹkan bí 1,700. Ọ̀pọ̀ ìlú kékeré pàdánù orúkọ wọn lákòókò yẹn. Kamikatsu kò wọ inú ìdàpọ̀ kankan. Owó orí tí ènìyàn péréte bẹ́ẹ̀ ń san kò lè tọ́jú títì, ilé ẹ̀kọ́ àti iléèwòsàn, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ń ná, láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ló ti ń wá. Ètò kan wà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń pín lára owó orí gbogbo orílẹ̀-èdè fún àwọn ìlú tí agbára wọn kò gbé e. Ẹni tó bá ń rò pé owó ewé ló ń gbé gbogbo ìlú náà ró, kò rí bẹ́ẹ̀.

Igi, ọsàn, àti òtútù ọdún 1981

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iná ti jó àwọn ìlú ńlá Jàpáànù, pákó sì wọ́n bí ojú. Ìjọba ní kí àwọn ará òkè gé igbó àdáyébá, kí wọ́n gbin sugi àti hinoki dípò rẹ̀, igi gíga gbọọrọ méjì tí wọ́n fi ń kọ́lé. Àwọn ará Kamikatsu gbìn ín. Ẹni tó bá gbin sugi, ọmọ rẹ̀ ló ń gbìn ín fún, nítorí ó máa ń gba ogójì sí àádọ́ta ọdún kó tó tó gé. Kí àwọn igi wọ̀nyẹn tó dàgbà, ní 1964, ìjọba ti ṣílẹ̀kùn fún pákó ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó yá, iye tí wọ́n ń ta pákó kò tó owó iṣẹ́ ẹni tó máa gé e kúrò lórí òkè mọ́. Igbó tó wà níbẹ̀ lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ sugi tí wọ́n gbìn nígbà náà, tí kò sẹ́ni tó gé e.

Ohun kejì ni mikan, ọsàn wọn kékeré tó dà bí tanjarín, tí èèpo rẹ̀ rọrùn láti bó. Orí òkè tó kọjú sí oòrùn dára fún un. Ní oṣù Kejì ọdún 1981, òtútù tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ bo agbègbè náà, ó sì lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 10 lọ nísàlẹ̀ òdo. Omi inú igi dì, èèpo igi sì là. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku igi ọsàn kan láàyè. Ẹni tó bá sì tún ọsàn gbìn ní láti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó so. Àwọn kan bọ́ sídìí olú shiitake àti ẹ̀fọ́, àwọn mìíràn sì kó ẹrù wọn, wọ́n bá odò lọ sísàlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló bàjẹ́. Ọsàn kíkan kan wà tí wọ́n ń pè ní yukō, èyí tí wọ́n ń fún sínú oúnjẹ kó lè ládùn, agbègbè yìí sì ni ilé rẹ̀. Tíì tún wà, tí wọ́n ń pè ní awa-bancha. Nígbà tí oòrùn bá mú jù nínú ọdún ni wọ́n ń já ewé rẹ̀. Wọ́n á sè é, wọ́n á rún un, wọ́n á kì í mọ́ inú àgbá, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó kan, bí ògì ṣe ń kan lọ́dọ̀ tiwa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sóòrùn. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é gẹ́gẹ́ bí àṣà ìbílẹ̀ tó yẹ ní ìpamọ́. Mo fẹ́ràn pé ó ṣì wà, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ odindi ìlú.

Ewé wo ni wọ́n ń tà gan-an?

Kì í ṣe ewé tí a fi ń di nǹkan, bíi ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í fi ṣe egbòogi. Ní ilé oúnjẹ ńlá ní Jàpáànù, bí wọ́n bá gbé ẹja tútù wá síwájú ènìyàn, ewé kan tàbí òdòdó kan máa ń wà létí àwo. Ó lè jẹ́ ewé pupa igi tí wọ́n ń pè ní momiji bó bá jẹ́ ìgbà ìwọ́wé, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ka igi plum tó yọ òdòdó bí òtútù bá fẹ́ lọ. Ewé yẹn ń sọ fún olùjẹun pé àsìkò báyìí la wà. Tsumamono ni wọ́n ń pè é. Tẹ́lẹ̀rí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn alásè ló máa ń lọ wá a fúnra wọn lẹ́bàá ìlú, ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú ńlá ti fẹ̀, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí igi?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Tomoji Yokoishi, ti dé Kamikatsu ní 1979. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ló gbà á ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn iṣẹ́ oko. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí òtútù pa ọsàn. Ní 1986, ó lọ ta ọjà ní Osaka, ó sì wọ ilé oúnjẹ kan láti jẹ sushi, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹja tútù lé lórí. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó nítòsí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mú ewé momiji tó wà lórí àwo, ó ní ó mà rẹwà o, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ wé e, ó ní òun ń mú un lọ sílé. Ewé yẹn! Irú rẹ̀ wà nílẹ̀ bẹẹrẹ ní Kamikatsu, tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀rẹ̀ mú.

Ó padà délé, ó sọ fún wọn, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín. Nínú àlọ́ àwọn ará Jàpáànù, ẹranko kan wà tó ń jẹ́ tanuki, tó máa ń sọ ewé di owó láti fi tan ènìyàn jẹ. Àlọ́ yìí ni wọ́n rán an létí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú ń tì wọ́n: kí àgbẹ̀ máa ṣa ewé kiri kó tó jẹun? Ìdílé mẹ́rin péré ló gbà láti bá a bẹ̀rẹ̀.

Níbí ni àwọn tó ń sọ ìtàn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti máa ń fò, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ewé àkọ́kọ́ tí wọ́n kó lọ sọ́jà kò tà dáadáa. Ewé náà rẹwà, ṣùgbọ́n ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, òmíràn ti gbó, òmíràn kò bá àwo mu. Yokoishi kò mọ ohun tí alásè ń wò. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ jẹun ní àwọn ilé oúnjẹ ọlọ́wọ̀ọ́n, ọdún bíi méjì, kó lè rí bí wọ́n ṣe ń lo ewé. Àwọn alásè kan lé e, àwọn mìíràn sì là á yé e. Ó wá mọ̀ pé ewé inú páálí kan gbọ́dọ̀ bára wọn dọ́gba, nítorí olùjẹun mẹ́wàá lórí tábìlì kan gbọ́dọ̀ rí ohun kan náà. Ó mọ̀ pé àsìkò orí àwo gbọ́dọ̀ ṣíwájú àsìkò ìta: òdòdó plum tó bá dé nígbà tí plum ti yọ níta ti pẹ́ jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe máa gé ẹ̀ka wọlé, kí wọ́n fi í sínú ilé tó móoru, kí òdòdó rẹ̀ lè là ṣáájú.

Èyí ló jẹ́ kí ewé lówó lórí. Ewé fúnra rẹ̀ kò níye lórí, ẹnikẹ́ni ló lè já ewé. Ohun tí alásè ń sanwó fún ni pé kó béèrè láàárọ̀ yìí, kó sì rí i lọ́la, ní ìwọ̀n kan náà, láìsí àbùkù, lọ́dún yípo. Oríṣi ewé àti òdòdó tí wọ́n ń tà ti lé ní 300, àwọn àgbẹ̀ sì ti gbin igi wọn sí ẹ̀yìnkùlé àti sí oko ọsàn tó kú, nítorí ẹni tó bá gbára lé igbó nìkan kò lè mú ìlérí ṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo òwúrọ̀ kan. Ìyá àgbà náà jí, ó tan tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọjà ti dé: ewé momiji tútù, iye báyìí, ìwọ̀n báyìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ni ín, nítorí náà ìka rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá. Bó bá ti gbà á, ó di ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú agbọ̀n. Á jókòó ti tábìlì, á máa to ewé sínú àwo ike pẹlẹbẹ, orí wọn síbì kan, ìdí wọn síbì kan. Èyí tí kòkòrò bá jẹ díẹ̀, kò wọ̀ ọ́. Kó tó di ọ̀sán, ó ti gbé e dé ibùdó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ àti bàálù ló kù, títí dé ọjà Tokyo àti Osaka. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà tún ń fi hàn án iye tó ti tà àti ipò kelòó tó wà láàárín gbogbo wọn. Kò rí ti ẹlòmíràn, tirẹ̀ nìkan ló ń rí. Ẹ̀yin tó ti bá àwọn ìyá ọlọ́jà gbé rí máa mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí ènìyàn!

Ẹ̀rọ fáàsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ rédíò tí ìlú fi ń kìlọ̀ ìjàǹbá, kí ọjà lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òpin àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò pọ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Ní 1999 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Irodori sílẹ̀, tí ìlú náà ní ìpín nínú rẹ̀; orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí kíkun nǹkan ní àwọ̀. Àwọn obìnrin àgbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Ìdí rẹ̀ ṣe kedere: pákó wúwo, ọsàn wúwo, ewé kò wúwo.

Ta ló ń kó pàǹtírí?

Kò sẹ́ni tó ń kó o. Oníkálukú ló ń gbé tirẹ̀ lọ. Àwọn kan rò pé ìfẹ́ àyíká ló kọ́kọ́ mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n àìlówó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mi ò sì rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Títí di àwọn ọdún 1990, ṣe ni wọ́n ń sun pàǹtírí ní gbangba. Ní 1998, ìlú ra ìléru kékeré méjì tí wọ́n á máa fi sun ún. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Jàpáànù ṣòfin lórí dioxin, oró tó máa ń jáde nínú èéfín bí wọ́n bá ń sun ike. Ìléru náà kò bá òfin mu. Nígbà tí ọdún 2000 fi ń parí, wọ́n ti pa á tì. Tuntun á ná wọn lówó tí wọn ò ní, kíkó pàǹtírí lọ sun níbòmíràn náà sì wọ́n gógó. Ohun tó kù ni kí wọ́n dín ohun tí wọ́n máa sun kù.

Ní 2001, wọ́n pín in sí ìsọ̀rí 35. Ní oṣù Kẹsàn-án 2003, wọ́n kéde pé tó bá fi máa di 2020, àwọn kò ní máa sun pàǹtírí, wọn ò sì ní máa rì í mọ́lẹ̀. Ìlú àkọ́kọ́ tó kéde bẹ́ẹ̀ ní Jàpáànù nìyẹn. Ní 2016, ìsọ̀rí náà di 45.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé èérún oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń sọ tirẹ̀ di ajílẹ̀, ìlú sì ń bá wọn san lára owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Bí oúnjẹ kò bá sí nínú pàǹtírí, kì í rùn, ó sì lè wà nílé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ènìyàn tó rí àyè gbé e lọ. Agolo tí wọ́n ti fọ̀ àti ìgò tó ti gbẹ kò ní í lé àlejò sá.

Ní ibùdó náà, agolo aluminiọ̀mù ní ibi tirẹ̀, agolo irin ní tirẹ̀. Ìgò funfun, ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ àti ìgò yòókù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdérí ìgò, bátìrì, gílóòbù, dígí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan, kálukú ló ní àpótí. Ìwé ìròyìn kò gbọ́dọ̀ bá páálí lò pọ̀. Lára àpótí kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ibi tí ohun inú rẹ̀ ń lọ, ohun tí wọ́n máa fi ṣe, àti iye tí ìlú ń san tàbí iye tó ń gbà lórí kílò kan. Èyí ló wú mi lórí jù. Ẹni tó bá ju ìwé mọ́ inú ìdọ̀tí mọ̀ pé owó tó yẹ kó wọlé lòun sọ di gbèsè. Àgbàlagbà tí kò ní ọkọ̀ lè ní kí ìlú wá gbé tirẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, Kurukuru, tí àwọn ará ìlú ń gbé ohun tó ṣì dára sí, tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń tún lò, nígbà tó jẹ́ pé ní gbogbo Jàpáànù, nǹkan bí 20 ni. Ogún tó kù kò tán. Pámpáàsì wà nínú rẹ̀, bàtà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ mọ́ rọ́bà, àti oríṣi ike kan tí kò ṣeé tún yọ́. Kò sí bí ará Kamikatsu ṣe lè ṣà á tó, bàtà náà kò ní yà, nítorí ẹni tó ṣe é kò ṣe é kó lè yà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ibùdó tuntun wọn, tí wọ́n ṣí ní 2020, ní ìrísí àmì ìbéèrè. Hiroshi Nakamura ló ya àwòrán ilé náà. Igi sugi ìlú wọn ni wọ́n fi gbé e ró, fèrèsé bí 700 tí ojú ògiri rẹ̀ fi ń wo ìta, inú ilé àwọn ará ìlú ni wọ́n ti kó wọn wá, kékeré, ńlá, aláwọ̀ oríṣiríṣi.

Kí ló dé tí ènìyàn ṣì ń tán?

Ìṣirò kan ló là á yé mi. Lọ́dún tí ọjà ewé bá dára, ó máa ń lé ní 200 mílíọ̀nù yẹ́nì. Ìdílé tó ń ṣe é jẹ́ nǹkan bí 150. Bí a bá pín in, nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti 300,000 yẹ́nì ló kan ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́dún, kí wọ́n tó yọ owó páálí, owó ọkọ̀ àti ti ẹgbẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn kan ti pa ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ lọ́dún kan. Àwọn ni wọ́n ń gbé sínú fídíò. Bí wọ́n bá pa mílíọ̀nù mẹ́wàá, ti ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kéré gan-an kí ìṣirò náà tó lè bára mu.

Fún ìyá tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, tí ilé rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, tó ń gbin ẹ̀fọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, mílíọ̀nù kan yẹ́nì tó ń wá láti ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe nǹkan kékeré. Òun ló fi ń ṣe ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí ó ní ìdí láti jí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n tọkọtaya ọlọ́gbọ̀n ọdún tó ní ọmọ méjì kò lè fi í tọ́mọ ní Jàpáànù. Ewé jẹ́ kí àwọn tó wà nílé lè dúró sílé. Kò pe àwọn tó ti lọ padà. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí ilé oúnjẹ tilẹ̀kùn, wọ́n rí bí ọjà tó dá lórí àwo ọlọ́wọ̀ọ́n ṣe tètè ń gbẹ.

Ó lé ní ìdajì àwọn ará ìlú náà tó ti kọjá ọdún 65. Níbi tí ọjọ́ orí bá ti rí báyìí, òkú tí wọ́n ń sin lọ́dún kan gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ọmọ tí wọ́n ń bí lọ, bó ti wù kí ìlú náà gbajúmọ̀ tó. Àlejò ń wá, àwọn kan sì ń dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ti wá kọ́ṣẹ́ ewé lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà, àwọn mìíràn wá nítorí ọ̀rọ̀ pàǹtírí, ilé ìpọntí kan sì ti wà níbẹ̀ láti 2015. Mi ò fojú kéré wọn. Ìdílé kan tó bá kó wọ ìlú tí kò tó 1,400 ènìyàn, gbogbo ìlú ló ń mọ̀ ọ́n lára, olùkọ́ sì ń rí ọmọ kan sí i nínú kíláàsì rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní Kamikatsu, ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré sì wà. Girama àgbà kò sí. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú tó wà nísàlẹ̀, tàbí kó lọ gbé níbẹ̀. Oṣù Kẹrin ni wọ́n máa ń wọlé, ìgbà tí òdòdó ṣẹ́rì ṣẹ̀ṣẹ̀ là lórí òkè, tí ilé oúnjẹ Tokyo kò sì béèrè rẹ̀ mọ́ nítorí pé ó ti pẹ́ jù. Títì etí odò Katsuura yẹn náà ni ọmọ náà máa gbà, òun náà ni ọkọ̀ ewé ń gbà lọ lọ́sàn-án.